Báwo La Ṣe Ń Mọ̀ Pé Ọ̀rọ̀ Ti Kàn Wá?

Bí iná pupa orí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ bá ti tàn báyìí, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò jà rí. Wọ́n á fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á gba ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lẹ́nu, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ẹ ṣáà jẹ́ kí iná náà kú. Kíá ni àbúrò á máa ká wáyà, ẹ̀gbọ́n á máa ká aṣọ, kò sì sẹ́ni tó máa bá ẹnì kejì sọ nǹkan gidi kan mọ́ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ni obìnrin aránṣọ tí àwọn olùgbọ́ ń pè ní Ìyá Abẹ́rẹ́. Àbúrò ni Tíṣà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama nípa ohun abẹ̀mí. Pọ́díkáàsì wọn, ètò tí wọ́n ń gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń jẹ́ Kí Ló Ń Ṣe Wá?, orúkọ tí Ìyá Abẹ́rẹ́ fún un lọ́jọ́ tó ká ara rẹ̀ mọ́ ibi tó ti ń kan ilẹ̀kùn yàrá tó mọ̀ dájú pé kò sẹ́nì kankan nínú ẹ̀. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tú wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí ló dé tí awakọ̀ fi ń yí rédíò wálẹ̀ tó bá ń wá nọ́ńbà ilé? Kí ló dé tí ẹni tó ń fún ọmọ lóúnjẹ fi ń la ẹnu tirẹ̀ náà, nígbà tí kì í ṣe òun ló fẹ́ jẹun? Tíṣà á ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ wá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á gbé ohun tí ojú rẹ̀ ti rí lára àwọn oníbàárà kalẹ̀, àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀.

Yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ni wọ́n ti ń gbohùn sílẹ̀. Ìdì aṣọ ló wà lára ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí dé òkè àjà. Aṣọ ń mu ariwo, ohùn kì í dún padà níbẹ̀ bó ṣe máa ń dún ní yàrá òfìfo. Tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ ló wà láàárín, gbohùngbohùn méjì sì wà lórí ẹ̀, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ahọ́n àti eyín máa ń jà, kì í ṣe tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ kò gbọ́ ọ rí pé ahọ́n ń bá eyín yan odì, àwọn méjì yìí sì ti ń bá a bọ̀ láti ọdún tó kọjá.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀yìn ikú màmá wọn. Ọ̀dọ̀ Tíṣà ni màmá ń gbé nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀. Ìyá Abẹ́rẹ́ bá àbúrò rẹ̀ ṣe àdéhùn, ó ní, "Bí nǹkan bá yí padà pẹ́rẹ́n, èmi ni kó o kọ́kọ́ pè. Kódà kó o tó pe dókítà." Tíṣà ní òun ti gbọ́. Àfi bó ṣe di ọ̀sán ọjọ́ kan tí fóònù dún, tí Tíṣà ní màmá ti lọ, dókítà sì ti yẹ̀ wọ́n wò tán. Dókítà ló kọ́kọ́ gbọ́. Àkọ́bí wọn, tí wọ́n fi ọmú wọn bọ́, ẹ̀yìn ló ti wá gbọ́.

"Kí ló dé tó ò pè mí?" Ó bi í léèrè níwájú àwọn ìbátan, ó bi í lórí fóònù, ó bi í nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń ti ibi ìsìnkú bọ̀. Ìdáhùn kan náà ni Tíṣà ń fún un: "Kò sáyè ni, Àǹtí mi." Ta ló máa gba ìyẹn gbọ́? Àìsàn tó ti dá èèyàn dùbúlẹ̀ látọjọ́ mélòó kan kì í ṣe olè, yóò ṣe bí ẹni fẹ́ wọlé kó tó wọlé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí Ìyá Abẹ́rẹ́ ṣe rò ó ni pé àbúrò òun rí i pé màmá ń lọ, ó jókòó tì wọ́n, ó sì gba ìdágbére náà fún ara rẹ̀ nìkan.

Ẹ ó ní kí ló wá dé tí wọn kò fi pa ètò náà tì. Ìgbéraga ni, kò sí nǹkan mìíràn. Kò sí èyí tó fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ló kọ́kọ́ sá. Tíṣà ń wá. Ọmọ tí wọ́n kọ́ tó sì gbẹ̀kọ́ ni, bínú ń bí i bínú kò bí i, yóò yọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, yóò tẹrí ba, yóò ní, "Ẹ káàsán, Àǹtí mi." Ẹ̀gbọ́n á ní, "Hùn." Ìkíni kì í ṣe ọ̀rọ̀ lójú tiwọn, ojúṣe ni.

Ṣùgbọ́n nǹkan ti fẹ́ yí padà. Tíṣà ríṣẹ́ sí ibi tó jìnnà, ibi tó jẹ́ pé ọkọ̀ òfurufú ló ń gbéni débẹ̀, ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ náà ló sì ń lọ.

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ṣẹ́ kù fún ara yín," ọkọ Ìyá Abẹ́rẹ́ wí fún un nídìí oúnjẹ àárọ̀. "Tó bá lọ láìjẹ́ pé ẹ yanjú ẹ̀, ìgbà wo lẹ fẹ́ yanjú ẹ̀?"

"Ṣé èmi ni mo ní kó má pè mí?"

"Mi ò béèrè ta ló jẹ̀bi."

Ìyá Abẹ́rẹ́ kó abọ́, ó lọ fọ̀ ọ́ bí ẹni pé abọ́ ló ṣẹ̀ ẹ́. Òótọ́ tí kò jẹ́ sọ fún ọkọ rẹ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà á. Bí wọ́n bá ń jà, bí i kí wọ́n kú kọ́. Ó mọ̀ pé tí odì yìí bá fi lè ré kọjá òkun, yóò dàgbà níbẹ̀, yóò gbó, kò sì ní sẹ́ni tó máa lè gbé e nílẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ àbúrò rẹ̀ padà. Kò kàn mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ni.

Ìbéèrè ọ̀sẹ̀ náà wá láti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tẹlifóònù. Láyé ọjọ́un, òun ló máa ń fi ọwọ́ so wáyà ẹni tó ń pè mọ́ ti ẹni tí wọ́n ń pè. Ó gbohùn rẹ̀ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi wò ó. Àwọn tí mo so pọ̀ ò rí ojú ara wọn. Ẹlòmíràn ò tíì bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ rí láyé ẹ̀. Síbẹ̀ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ kọlu ara wọn. Ọ̀kan á dákẹ́, èkejì á gbà á. Ta ló ń sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ti kàn wọ́n?"

Iná pupa tàn. Tíṣà gbẹ́nu sún mọ́ gbohùngbohùn.

"Ohun tí ìyá yìí béèrè kì í ṣe kékeré o. Àwọn onímọ̀ ti wọ̀n ọ́n wò ní oríṣiríṣi èdè. Ìgbà tí ẹnì kan dákẹ́ sí ìgbà tí ẹnì kejì bẹ̀rẹ̀, tá a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sọ́nà márùn-ún, ìdá kan péré ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ ṣẹ́jú, Àǹtí mi."

Ìyá Abẹ́rẹ́ ṣẹ́jú.

"Ó ti kọjá."

"Ṣé èmi wá ni ọ̀pọ̀lọ́ tó o máa ń là níwájú àwọn ọmọ kíláàsì ẹ?"

"Ọ̀pọ̀lọ́ kì í fèsì. Ẹ gbọ́ èyí tó le níbẹ̀. Tí mo bá gbé àwòrán ajá kan síwájú yín báyìí pé kí ẹ sọ orúkọ ẹ̀, kẹ́nu yín tó la, ó máa gbà tó ìlọ́po mẹ́ta àkókò yẹn. Ajá lásán nìyẹn o, ọ̀rọ̀ ẹyọ kan."

Ìyá Abẹ́rẹ́ rò ó wò. "Á jẹ́ pé ẹni tó ń dáhùn yẹn..."

"Ti ń tò ó sínú kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tó parí," Tíṣà gbà á. "Ó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ó ti lọ dúró dè é níbẹ̀."

"Bí i kéèyàn ti gé ọrùn aṣọ kí oníbàárà tó sọ irú ọrùn tó fẹ́."

"Ẹ sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, obìnrin yẹn sì padà fẹ́ràn ẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n kí ìyá àgbà náà, wọ́n kí àwọn olùgbọ́, Tíṣà na ọwọ́, iná pupa kú. Ẹ̀rín náà bá a kú. Tíṣà kọjú sí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ní ọjọ́ Furaidé lòun máa wá kó gbohùngbohùn òun, bí ẹni pé ẹ̀rọ náà ló ni ṣọ́ọ̀bù. Ó wọ bàtà, ó lọ.

Ẹni tó ń gé aṣọ náà ló ń gé ohùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí oníbàárà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé, Ìyá Abẹ́rẹ́ ṣí kọ̀ǹpútà, ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ bo etí. Lójú kọ̀ǹpútà, ohùn máa ń hàn bí òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ti Tíṣà wà lápá òkè, tirẹ̀ wà nísàlẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gé ikọ́ kúrò, kó gé "ẹ̀ẹ̀n" kúrò, kó gé ibi tí ẹnì kan bá ti dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, kí ọ̀rọ̀ lè jókòó sára èèyàn dáadáa. Ó mọ̀ ọ́n ṣe débi pé àwọn olùgbọ́ kì í mọ ibi tí ọ̀bẹ gbà.

Lọ́jọ́ náà, kì í ṣe gígé ló kọ́kọ́ ṣe. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àbúrò òun parọ́ nípa ìdá kan nínú márùn-ún yẹn. Ó fa àwòrán ohùn náà sún mọ́ ojú, ó tún fà á, títí ìṣẹ́jú àáyá kan fi gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Ó wá ibi tí Tíṣà ti sọ̀rọ̀ parí. Òkè Tíṣà wálẹ̀, ó kú. Kó tó kú tán, òkè tirẹ̀ ti ń gbérí nísàlẹ̀. Ó wo ibòmíràn, bẹ́ẹ̀ náà ni. Lẹ́yìn náà ló wá rí ohun tí kò wò rí látọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, àwọn ìlà tín-ín-rín tó máa ń ṣáájú òkè kọ̀ọ̀kan. Èémí ni. Èémí tirẹ̀ ni, tó fà sínú nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì kù lẹ́nu Tíṣà. Orí kò tíì sọ fún un pé ó kàn án, ẹ̀dọ̀fóró ti mọ̀.

Orí rẹ̀ wú. Ó bọ́ ẹ̀rọ etí sílẹ̀, ó wo àyíká yàrá bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀. Ta ló kọ́ èèyàn ní irú èyí? Òun ò kọ́ ọ, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ilé-ìwé, síbẹ̀ ọlọ́jà ń ṣe é, ọlọ́pàá ń ṣe é, ọmọdé tó ń bá ìyá rẹ̀ tàkúrọ̀sọ ń ṣe é. Àràádọ́ta ọ̀kẹ́ èèyàn ló ń fún ara wọn láyè lójoojúmọ́ láàárín àkókò tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, tí wọn ò sì mọ̀ pé àwọn ń ṣe nǹkan kan. Háà, Ọlọ́run tóbi.

Ọkàn rẹ̀ wá sọ fún un pé bóyá ti àná lásán ni, torí pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó bá lọ wá ètò tí wọ́n ṣe kété lẹ́yìn ìsìnkú màmá. Lọ́sẹ̀ yẹn, kò fẹ́ fojú kan Tíṣà. Ògiri ló ń wò títí wọ́n fi parí. Nọ́ọ̀sì kan ni wọ́n pè sórí ètò náà, láti sọ ìdí tí èèyàn fi máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ lọ́dọ̀ aláìsàn, kódà tí aláìsàn náà kò bá sùn. Ìyá Abẹ́rẹ́ ṣí ohùn tútù, èyí tí a kò tíì fọwọ́ ọ̀bẹ kàn.

Nọ́ọ̀sì náà kọlu wọn, ó tún kọlu wọn, wọ́n ń bẹ ara wọn. Ṣùgbọ́n láàárín òun àti Tíṣà, rárá o. Bí inú ṣe bí i tó, tí kò fẹ́ wo ojú rẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ́ àbúrò rẹ̀ lágbọ̀ọ́yé. Ọ̀rọ̀ ń ti ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́, kò jábọ́ rí. Ó jókòó síbẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀. Ọdún kan gbáko ló fi ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun àti Tíṣà ò gbọ́ ara wọn mọ́.

Ó fẹ́ pa á dé nígbà tó kan ibì kan. Nọ́ọ̀sì ló ń sọ̀rọ̀. "Tíṣà, nígbà tí màmá yín ń lọ, ṣé ẹ̀yin lẹ wà lọ́dọ̀ wọn?"

Lẹ́yìn ìyẹn, pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ gbalaja, kò sí òkè kankan lójú kọ̀ǹpútà. Ìyá Abẹ́rẹ́ tẹ́tí, ó gbọ́ bí àga ṣe dún. Ó gbọ́ èémí Tíṣà, èémí gígùn, irú èyí tí èèyàn máa ń fà tó bá fẹ́ gbé ẹrù. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Bí èémí náà ṣe kún báyìí ni ohùn obìnrin kan bọ́ sórí ẹ̀ gbì: "Ẹ jẹ́ ká gba ìbéèrè àwọn olùgbọ́ wa."

Ohùn tirẹ̀ ni. Ó dá a padà, ó tún un gbọ́. Nínú gbogbo ohun tó ti yẹ̀ wò láti àárọ̀, ibẹ̀ nìkan ló ti já lu ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀. Kò fẹ́ kí Tíṣà tún sọ "kò sáyè" níwájú àlejò, ìdí nìyẹn. Nígbà tó sì wá jókòó láti gé ètò náà lọ́sẹ̀ yẹn, ó rí pẹ̀tẹ́lẹ̀ yẹn, ó ní àyè òfìfo lásán ni, ó gé e dànù. Ó ti béèrè lọ́wọ́ Tíṣà láìmọye ìgbà pé kí ló dé tí kò pe òun. Kò béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Furaidé, Tíṣà ń yọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàsán, Àǹtí mi."

"Káàsán. Jókòó."

Bàtà kan ṣì wà lẹ́sẹ̀ Tíṣà. Ó wo ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, kò tàn. Ó jókòó sí ibi tó máa ń jókòó, Ìyá Abẹ́rẹ́ jókòó sí tirẹ̀. Wọ́n ti tú gbohùngbohùn palẹ̀, tábìlì lásán ló wà láàárín wọn.

"Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ," ó wí. "Lọ́jọ́ tí màmá lọ, kí ni wọ́n ń..."

"Wọ́n ń gbọ́ wa," Tíṣà wí.

Kò jẹ́ kó parí. Kódà ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu, ó wolẹ̀. Ìyá Abẹ́rẹ́ kò ní í fi kọ̀ǹpútà wọn èyí, ó mọ̀ lọ́kàn rẹ̀ bí ìdáhùn náà ti pẹ́ tó lẹ́nu àbúrò rẹ̀.

"Ètò wa ni. Tí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n máa ń ní kí n gbé e sí i fún wọn. Ara wọn yá lọ́jọ́ yẹn, Àǹtí mi. Wọ́n dìde jókòó. Èyí tá a ti sọ ìdí téèyàn fi ń rẹ́rìn-ín tẹ́lòmíràn bá ṣubú là ń gbọ́. Ó dé ibi tí ẹ ti ń wọn ìbàdí ọkùnrin yẹn, tẹ́ ẹ fi ẹ̀yìn rìn tẹ́ ẹ fi kọsẹ̀..."

"Mo di téèpù mú."

"Téèpù di òun náà mú. Ẹ̀yin méjèèjì balẹ̀ sórí aṣọ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ tán. Màmá rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n ń lu orí ibùsùn. Wọ́n ní, 'Dá a padà. Ibi tó ti ṣubú yẹn.' Oòrùn ò jẹ́ kí n rí ojú fóònù, mo bá kọ ẹ̀yìn sí wọn, mo ń wá ibẹ̀. Mo wá a kọjá, mo tún padà. Nígbà tí mo rí i, mo gbé e sí i. Ẹ ṣubú, mo bú sẹ́rìn-ín."

Ó dákẹ́. Ìyá Abẹ́rẹ́ kò fi nǹkan kan dí àyè náà.

"Ẹ mọ̀ wọ́n, wọ́n máa ń ṣáájú ẹ̀rín ni. Kẹ́ ẹ tó débi ẹ̀rín, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo ń dúró de tiwọn. Mi ò tíì yíjú padà tí mo ti mọ̀." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. "Mo sáré pe dókítà, mo rò pé nǹkan ṣì ṣeé ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ gbé e kalẹ̀ fún yín. Màmá ń lọ, èmi ń rẹ́rìn-ín."

Láti ọdún tó kọjá ni Ìyá Abẹ́rẹ́ ti ń sunkún pé òun kò sí nínú yàrá yẹn.

"Ohùn mi ni wọ́n gbọ́ kẹ́yìn?"

"Ohùn yín ni."

Ó na ọwọ́ kọjá lórí tábìlì, ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Tún un sọ," ó wí. "Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti jẹun tán. Mi ò ní dá sí i."

Tíṣà tún un sọ.